Bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ STM yẹ dọ́ọ̀tì kúáńtọ́ọ̀mù wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Orí yìí wà fún ẹni tó ti ráyè wọ yàrá ìwádìí tí STM wà, tó sì fẹ́ mọ àwọn ìpele agbára tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù lè dúró sí nínú dọ́ọ̀tì kúáńtọ́ọ̀mù kan ṣoṣo. STM ni maikirosíkóòpù tí Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe ní 1981 ní ilé ìwádìí IBM ní Rüschlikon, lẹ́bàá Zürich. Kò lo dígí, kò sì lo ìmọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin ni wọ́n ń mú súnmọ́ ojú nǹkan débi pé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù á la àlàfo àárín wọn kọjá láìjẹ́ pé wọ́n fara kanra. Bí àlàfo náà bá fi 0.1 nánómítà péré fẹ̀ sí i, kọ́ráǹtì yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni agbára ẹ̀rọ náà wà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà rẹ̀ wà.

Dọ́ọ̀tì InAs, ìyẹn kírísítà kékeré tí a fi índíọ́ọ̀mù àti ásíníìkì ṣe, ni a ó lò. Uri Banin, Oded Millo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Hebrew University, Jerúsálẹ́mù, ló fi ọ̀nà yìí yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999. Mo yàn án nítorí pé bí iṣẹ́ bá lọ dáadáa, òye rẹ̀ kò ṣòro: ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ló máa ń kún ìpele àkọ́kọ́, mẹ́fà ló máa ń kún èyí tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú átọ́ọ̀mù gan-an.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn: gíráàfù tó ń fi hàn bí kọ́ráǹtì ṣe ń yí padà pẹ̀lú fóltéèjì lè dára lójú, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Abẹ́rẹ́ tó dọ̀tí lè ya gíráàfù tó dára ju ti dọ́ọ̀tì lọ. Ohun tó pọ̀ jù nínú orí yìí kì í ṣe bí a ṣe ń rí òkè lórí gíráàfù. Bí a ṣe ń mọ̀ pé dọ́ọ̀tì ló ni òkè náà ni.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ

STM tó wà nínú fákúùmù, tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju 10⁻¹⁰ mbar lọ, pẹ̀lú àgbá hílíọ́ọ̀mù olómi tó ń mú un tutù dé nǹkan bí 4.2 Kelvin.

Ampilifáyà tó ń sọ kọ́ráǹtì 1 pA di 1 mV. Kọ́ráǹtì tí ẹ ó máa bá ṣiṣẹ́ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ má lo èyí tí wọ́n ṣe fún kọ́ráǹtì ńlá.

Ẹ̀rọ lock-in kan, àti kọ̀ǹpútà tó ń darí gbogbo rẹ̀.

Wáyà tọ́ńgísítìnì oní 0.25 mm fún abẹ́rẹ́, kọ́sítíìkì sóódà, omi tí kò ní ìdọ̀tí, àti ẹtanọ́ọ̀lù.

Wúrà tí a tẹ́ sórí máíkà, ẹyọ méjì. Ọ̀kan fún dọ́ọ̀tì, èkejì yóò wà láìsí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú èkejì yìí dání, wọn kì í sì í mọ ohun tí wọ́n pàdánù títí iṣẹ́ yóò fi dojú rú.

Dọ́ọ̀tì InAs nínú toluene, tí a ti fọ̀ dáadáa kí èròjà tó pọ̀ jù lára rẹ̀ lè kúrò. Hexanedithiol díẹ̀, èyí tí yóò di dọ́ọ̀tì mú sórí wúrà.

Fún ara yín: aṣọ yàrá ìwádìí, gọ́gù, ìbòjú tó bo gbogbo ojú, ìbọ̀wọ́ fún kẹ́míkà, ìbọ̀wọ́ nípọn fún òtútù, àti ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn nínú yàrá.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ IṢẸ́ NÁÀ

Nínú gbogbo ohun tó wà níbí, hílíọ́ọ̀mù àti náítírójìn olómi ni mo bẹ̀rù jù. Wọn kò ní òórùn, afẹ́fẹ́ wọn kò sì ní àwọ̀. Lítà 1 náítírójìn olómi yóò di nǹkan bí lítà 700 afẹ́fẹ́ bó bá gbóná dé ìwọ̀n yàrá, ti hílíọ́ọ̀mù náà kò sì jìnnà sí i. Ó máa ń lé ọ́síjìn kúrò nínú yàrá, ẹni tó wà níbẹ̀ á sì dákú láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún; ẹ ṣètò ẹ̀rọ ìwọ̀n kó máa han bó bá wálẹ̀ sí 19.5. Bó bá han, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró pa fáàfù. Bí ẹnìkan bá ṣubú sínú yàrá náà, ẹ má ṣe sáré wọlé lọ gbé e. Ẹ pe àwọn tó ní ẹ̀rọ ìmí, torí ẹni tó sáré wọlé láìní in ló máa ń di òkú kejì. Ẹ má ṣe bá fúláàsì ńlá wọ lífìtì pọ̀.

Ìbọ̀wọ́ òtútù gbọ́dọ̀ tú dáadáa lọ́wọ́, kó lè yọ kíákíá bí omi tútù náà bá ta sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ṣòkòtò bo ẹnu bàtà, ẹ má ṣe tì í bọ inú bàtà.

Ọrùn àgbá hílíọ́ọ̀mù gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, á dì bíi yìnyín, á sì dí ọrùn náà. Hílíọ́ọ̀mù tó ń hó nísàlẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, agbára rẹ̀ á máa pọ̀ sí i, àgbá náà sì lè bẹ́. Ẹ máa wo géèjì rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fura pé ọrùn ti dí, ẹ má ṣe ki igi tàbí irin bọ̀ ọ́. Ẹ kó gbogbo ènìyàn jáde, kí ẹ sì pe ẹni tó ni àbójútó àgbá náà.

Iná mànàmáná náà ń bẹ. Pọ́ǹpù ayọ́nù ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, píẹ́sò tó ń gbé abẹ́rẹ́ sì ń lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ má ṣe yọ okùn rẹ̀ nígbà tó wà lórí iná. Nígbà tí ẹ bá sì ń fa afẹ́fẹ́ jáde tàbí tí ẹ ń dá a padà sínú ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ pa fóltéèjì píẹ́sò: bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá wà ní nǹkan bí 1 mbar, iná lè fò láti ibì kan sí èkejì nínú rẹ̀, kó sì ba píẹ́sò jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ásíníìkì wà nínú dọ́ọ̀tì wọ̀nyí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí omi wọn gbẹ di eruku lórí tábìlì. Ẹ ṣe iṣẹ́ toluene àti hexanedithiol nínú àpótí tó ń fa èéfín jáde. Toluene máa ń gbiná, hexanedithiol sì ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán kan lè lé gbogbo ilé jáde.

ÌGBÉSẸ̀ 1: WÚRÀ

Ẹ fi iná gáàsì fẹ́ ojú wúrà náà nínú òkùnkùn díẹ̀, kí ẹ lè rí i nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀, torí máíkà yóò ṣí kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Toluene kò gbọdọ̀ sí nítòsí iná yìí rárá. Ibi tó yàtọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Ohun tí à ń wá ni ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ga ní ìwọ̀n átọ́ọ̀mù kan, ìyẹn 0.235 nánómítà. Gíga tí a mọ̀ yìí ni ẹ ó fi yẹ píẹ́sò wò, bóyá ìwọ̀n rẹ̀ péye.

ÌGBÉSẸ̀ 2: ABẸ́RẸ́

Ẹ wọn kọ́sítíìkì sóódà 80 gíráàmù, kí ẹ sì fi omi sọ ọ́ di lítà 1. Sóódà ni à ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá da omi lé sóódà lórí lè rí i kó hó, kó sì ta sí i lójú. Gọ́gù kì í kúrò lójú títí ẹ ó fi fọ gbogbo abọ́ tán.

Ẹ ri wáyà tọ́ńgísítìnì bọ inú rẹ̀ ní mílímítà díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní fóltì díẹ̀. Omi yóò máa jẹ wáyà níbi tí ojú omi ti kàn án, ọrùn rẹ̀ á máa tín-ín-rín, títí apá ìsàlẹ̀ yóò fi já bọ́. Ìgbà tó já yẹn ni ohun gbogbo dá lé: bí iná bá ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú yóò kú. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń pa iná fúnra rẹ̀, torí ọwọ́ ènìyàn kò yá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ẹtanọ́ọ̀lù fọ abẹ́rẹ́ náà. Ìdóògún á ṣì wà lára rẹ̀. Inú fákúùmù ni ẹ ó ti mú abẹ́rẹ́ gbóná kó lè kúrò.

ÌGBÉSẸ̀ 3: SÍSO DỌ́Ọ̀TÌ MỌ́ WÚRÀ

Ẹ ri wúrà kan bọ inú omi hexanedithiol, kí ẹ ṣàn án, kí ẹ sì tún rì í sínú omi dọ́ọ̀tì fún wákàtí mélòó kan. Orí kan hexanedithiol yóò di wúrà mú, orí kejì yóò di dọ́ọ̀tì mú. Ẹ ṣàn án dáadáa nígbẹ̀yìn. Ìwọ̀nba dọ́ọ̀tì tó jìnnà síra ló dára. Nígbà tí wọ́n bá kún jọ, wọ́n máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú gíráàfù, ẹ kò sì ní mọ èyí tó ń fèsì.

ÌGBÉSẸ̀ 4: FÁKÚÙMÙ ÀTI ÒTÚTÙ

Ẹ mú ẹ̀rọ náà gbóná dé 120 sí 150 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì fún ọjọ́ kan ó kéré tán, kí omi tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú lè jáde. Dọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ nígbà yìí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀rọ bá tutù tán ni ẹ ó gba yàrá àbáwọlé gbé wọn wọlé. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ooru yẹn tó láti mú kí ohun tó bo dọ́ọ̀tì bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí hílíọ́ọ̀mù bá ti wọlé, ẹ mú sùúrù. Píẹ́sò máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó dúró. Ẹ pa pọ́ǹpù tó ń yí, kí ẹ fi pọ́ǹpù ayọ́nù nìkan sílẹ̀, torí kò ní ohun tó ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ẹ pa géèjì tó ní wáyà gbígbóná. Ẹ bo gbogbo fèrèsé ẹ̀rọ, kí ẹ sì pa iná kámẹ́rà, nítorí dọ́ọ̀tì máa ń mu ìmọ́lẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 5: ÀYẸ̀WÒ ABẸ́RẸ́ LÓRÍ WÚRÀ ÒFÌFO

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín. Ẹ mú abẹ́rẹ́ lọ sórí wúrà kejì, èyí tí ẹ ti fọ̀ mọ́ nínú fákúùmù. Ẹ ya gíráàfù rẹ̀ láti −1 V sí +1 V. Ojú wúrà tó mọ́ ní àmì kan tí gbogbo ayé mọ̀: bí fóltéèjì wúrà bá wà ní nǹkan bí −0.5 V, ìwọ̀n tí kọ́ráǹtì fi ń yí padà pẹ̀lú fóltéèjì (dI/dV), èyí tí lock-in ń wọn, yóò gun àtẹ̀gùn kan lójijì. Bí ẹ bá rí i, abẹ́rẹ́ yín mọ́. Bí ẹ bá rí i ní +0.5 V, ẹ̀rọ yín ń fún abẹ́rẹ́ ní fóltéèjì dípò wúrà, gbogbo ohun tí ẹ bá sì kọ sílẹ̀ láti ìgbà náà yóò dorí kodò. Ẹ kọ ọ̀nà tí tiyín gbà sínú ìwé àkọsílẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ bá rí òkè tí kò yẹ, tàbí àlàfo tí kọ́ráǹtì kò ti ń kọjá, abẹ́rẹ́ ti gbé nǹkan. Ẹ fún un ní fóltéèjì bíi 3 sí 5 V fún ìgbà kúkúrú, tàbí kí ẹ rọra fi ẹnu rẹ̀ kan wúrà òfìfo, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò. Orí wúrà kejì nìkan ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ibi tí dọ́ọ̀tì wà. Wúrà tó wà lábẹ́ dọ́ọ̀tì kò wúlò fún àyẹ̀wò yìí, nítorí hexanedithiol ti bo àmì náà mọ́lẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 6: WÍWÁ DỌ́Ọ̀TÌ

Ẹ ṣètò fóltéèjì sí 1.5 sí 2 V àti kọ́ráǹtì sí nǹkan bí 10 pA. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ló wà níhìn-ín. Ẹni tó ti mọ STM lórí irin máa ń fi fóltéèjì kékeré ya àwòrán, bíi 0.2 V, torí pé àwòrán á mọ́ sí i. Ṣùgbọ́n dọ́ọ̀tì ní àlàfo agbára: ìwọ̀n kan wà tí kò sí ìpele kankan fún ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti dúró sí. Bí fóltéèjì bá wà nínú àlàfo náà, kọ́ráǹtì kò ní gba inú dọ́ọ̀tì kọjá, adarí gíga á rò pé abẹ́rẹ́ ṣì jìnnà, á máa tì í wálẹ̀, títí yóò fi wọ́ dọ́ọ̀tì kúrò ní àyè rẹ̀ tàbí kó gbé e lọ. Bí dọ́ọ̀tì yín bá ń pòórá lójú àwòrán, ẹ kọ́kọ́ wo fóltéèjì.

Nínú àwòrán, gíga dọ́ọ̀tì ṣeé gbà ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ nípọn máa ń mú kí gbogbo nǹkan fẹ̀, bí ẹni fi ìka ọwọ́ wá ẹyọ gààrí lórí tábìlì nínú òkùnkùn. Ẹ yan èyí tó dá dúró, tí gíga rẹ̀ bá ìwọ̀n tí ẹ mọ̀ mu, tí kò sì yí padà lẹ́yìn àwòrán méjì tàbí mẹ́ta.

ÌGBÉSẸ̀ 7: GÍRÁÀFÙ

Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sí àárín dọ́ọ̀tì. Ẹ pa adarí gíga kí àlàfo má bàa yí padà. Ẹ jẹ́ kí lock-in fi ìgbì kékeré, bíi 5 mV, kún fóltéèjì, ní nǹkan bí 730 Hz. Ẹ yẹra fún iye tí 50 tàbí 60 pín déédéé, torí ariwo iná mànàmáná ń bẹ níbẹ̀. Kí ẹ tó súnmọ́, ẹ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ fi àmì tó kù ṣètò lock-in, títí ohun tó ń wá láti inú àlàfo lásán yóò fi di òdo ní apá tí ẹ ń kọ sílẹ̀.

Ẹ lọ láti −2 V sí +2 V ní ojú ìwọ̀n 400, kí ẹ dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lójú kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn gba 40 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ padà láti +2 V sí −2 V. Bí àlọ àti àbọ̀ kò bá bára mu, ẹ ju gíráàfù náà nù, bó ti wù kó dára tó. Ẹ má ṣe kọjá 2.5 V láìnídìí, nítorí agbára rẹ̀ lè ṣí dọ́ọ̀tì nípò.

Lẹ́yìn gíráàfù mélòó kan, ẹ kúrò lórí dọ́ọ̀tì, ẹ padà sórí wúrà kejì, kí ẹ tún ìgbésẹ̀ 5 ṣe. Bí àlàfo tí ẹ rí lórí dọ́ọ̀tì bá tẹ̀ lé yín dé orí wúrà òfìfo, abẹ́rẹ́ ló gbé dọ́ọ̀tì dání. Gbogbo gíráàfù láti àyẹ̀wò tó dára kẹ́yìn ni ẹ ó fa igi lé.

BÍ A ṢE Ń KA OHUN TÓ JÁDE

Àárín gíráàfù ni kọ́ráǹtì kò ti sí. Ní apá ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń wọ dọ́ọ̀tì, ẹ ó rí òkè méjì tó súnmọ́ra, lẹ́yìn náà àlàfo tó tóbi díẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ òkè tó tó mẹ́fà. Ìdí tí òkè fi pín ni pé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti wà nílé máa ń ta èyí tó fẹ́ wọlé padà. Owó ibodè yìí ni a ń pè ní agbára ìkún, òun sì ni àlàfo tó wà láàárín òkè kan sí èkejì nínú ẹgbẹ́ kan náà. Láti inú àlàfo tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjì, ẹ yọ agbára ìkún kúrò, ohun tó kù ni ìyàtọ̀ ìpele méjèèjì. Bákan náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àlàfo àárín kí ẹ tó fi wé èyí tí ìmọ́lẹ̀ fi hàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti STM á máa tóbi jù, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ń parọ́.

Fóltéèjì tí ẹ kọ kì í sì í ṣe agbára gan-an. Dọ́ọ̀tì wà láàárín àlàfo méjì, ọ̀kan sí abẹ́rẹ́, ọ̀kan sí wúrà, fóltéèjì sì pín sí méjèèjì. Ẹ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn nípa dídín kọ́ráǹtì kù, kí ẹ tún gíráàfù yà. Òkè tó jẹ́ ti dọ́ọ̀tì yóò sún díẹ̀ bí ìpín náà ṣe ń yí padà. Bí abẹ́rẹ́ bá jìnnà tó, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa jáde sí wúrà kíákíá ju bó ṣe ń wọlé lọ, kò ní sí méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan, òkè tó pín á sì padà di ẹyọ kan. Èyí wúlò púpọ̀: gíráàfù jíjìn fi ìpele hàn, gíráàfù sísúnmọ́ fi agbára ìkún kún un. Ẹ ya méjèèjì lórí dọ́ọ̀tì kan náà.

Ẹ má ṣe gbìyànjú gbogbo èyí nínú yàrá tí kò tutù. Ní 4.2 Kelvin, ooru ń mú òkè fẹ̀ ní nǹkan bí 1.3 meV, nínú ooru yàrá, ó di nǹkan bí 90 meV, ìyẹn sì tó láti pa òkè tó súnmọ́ra pọ̀ di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe kọ ìwé lórí dọ́ọ̀tì kan. Kò sí dọ́ọ̀tì méjì nínú ìgò kan náà tó tóbi bákan náà. Ẹ wọn ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí ẹ sì kọ gíga tọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíráàfù rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dọ́ọ̀tì tó bára mu dé orí átọ́ọ̀mù yóò gba ọ̀nà tí Stefan Fölsch ti Paul-Drude-Institut ní Berlin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2014: abẹ́rẹ́ STM fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi to átọ́ọ̀mù índíọ́ọ̀mù sórí InAs lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn gba ẹ̀kọ́ mìíràn.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ PARÍ

Ẹ fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn jìnnà, kí ẹ dá fóltéèjì padà sí òdo, kí ẹ sì pa ti píẹ́sò kí hílíọ́ọ̀mù tó tán. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, afẹ́fẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ á máa tú jáde. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, kí ọ̀nà àbájáde àgbá sì wà ní ṣíṣí sí páìpù rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi dọ́ọ̀tì, toluene tó kù tàbí omi tí ẹ fi ṣan wúrà sínú sínkì. Ìgò wọn yàtọ̀, a sì gbọ́dọ̀ kọ ásíníìkì sára rẹ̀ gàdàgbà. Abẹ́rẹ́ àti ègé wúrà tó ti kan dọ́ọ̀tì á lọ sínú àpótí ohun mímú tó ní ìdérí, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan fóònù tàbí oúnjẹ.